Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣàwárí fọ́ńgọ́ọ̀sì tuntun tó ń jẹ òdòdó l'Ékòó, títí dé orí fífún un lórúkọ

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya fọ́tò òdòdó tó rí ṣákálá lẹ́yìn òjò, tẹ́ ẹ wá ń bi àwọn èèyàn pé kí lèyí, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì (ẹbí olú àti èbu) tí ẹnikẹ́ni ò tí ì fún lórúkọ rí ni. Mi ò ṣe àsọdùn o. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láyé á tó mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ti lórúkọ nínú ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ ju 150,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà níta, ilẹ̀ tó gbóná tí òjò sì ń rọ̀ bíi tiwa yìí sì wà lára ibi tí àwọn èèyàn ò tíì wá dáadáa. Ṣùgbọ́n láti orí pé ẹ rí nǹkan títí dé orí pé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé tuntun ni, ọ̀nà yẹn jìn, ohun tó sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé èèyàn á ya fọ́tò tán, á wá ju òdòdó náà nù. Fọ́tò ò tó. Tí nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ ò bá sí nípamọ́ síbi tí ẹlòmíì ti lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹni tó máa gbà pé ẹ rí nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo máa sọ látìbí lọ, orí àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ tọ́jú yẹn ló dúró lé.

Gbogbo wa la mọ afòmọ́ tó máa ń gun orí igi kòkó àti igi obì, tí àwọn àgbà sọ pé kò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí à ń wí yìí náà bẹ́ẹ̀, àfi pé òun kì í sábà bá gbogbo igi tan, ó máa ń yan ẹni tó fẹ́ jẹ lára ẹ̀, òmíì ò sì ní mú ju ewéko kan ṣoṣo lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ọ́ léraléra pé ẹ mọ ewéko yẹn kẹ́ ẹ tó máa wá orúkọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ òdòdó yàtọ̀ síra. Àwọn kan á kàn jẹ òdòdó rà pátápátá. Àwọn kan ò ní pa òdòdó rárá, bíi Microbotryum tó máa ń wà lára òdòdó Silene ní Yúróòpù, òdòdó á là, á dúró rẹ́gí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo orí akọ ẹ̀ níbi tó yẹ kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà, spọ́ò (ohun tó dà bí irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì) tó dúdú bí àlùkò ló kún ibẹ̀, kòkòrò tó bá wá mu omi dídùn á sì gbé e lọ sórí òdòdó mìíì, kódà tó bá jẹ́ abo òdòdó ló mú, á mú kó hu ẹ̀yà akọ kí òun lè ríbi kó spọ́ò sí. Àwọn mìíì, bíi Claviceps, ilé ọmọ inú òdòdó àwọn koríko ni wọ́n ń wọ̀: Claviceps africana, tó gba orúkọ lọ́dún 1991, òdòdó ọkà bàbà tí kò tí ì gba lẹ́búlẹ́bú ló ń mú, omi dídùn tó ń lẹ̀ á wá máa kán lára ẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn ni Fusarium xyrophilum. Lọ́dún 2006, Kenneth Wurdack tó jẹ́ onímọ̀ ewéko ní Smithsonian l'Amẹ́ríkà wà ní Guyana, ló bá rí òdòdó yẹ́lò kan lórí koríko Xyris tí ọkàn ẹ̀ ò gbà. Ó jọ òdòdó, àwọ̀ òdòdó ló ní, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òdòdó, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló fi ara ẹ̀ mọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, koríko yẹn gan-an ò sì lè so mọ́. Ọdún 2020 ni orúkọ ẹ̀ tó jáde nínú ìwé ìmọ̀. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín, kẹ́ ẹ fi fọkàn balẹ̀. Koríko Xyris sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí náà, ó máa ń hù sórí iyanrìn tó lómi, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má kọjá láì wo orí ẹ̀.

Níbo lẹ ti máa wá a l'Ékòó? Ẹ jẹ́ n sọ èrò ọkàn mi. Rósì àti àwọn òdòdó tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ẹ má bá wọn ṣe wàhálà, nǹkan tó máa wà lára wọn, bíi Botrytis cinerea, wọ́n ti mọ̀ ọ́n káàkiri ayé tipẹ́. Àwọn òdòdó tó wà lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ará ibí. Ewéko ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́, àwọn tó ń hù fúnra wọn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí: èyí tó wà létí ọ̀sà lápá Àkọkà, àwọn ewéko inú àbàtà ní Lekki Conservation Centre (ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó já ohunkóhun o), ewéko tó ń fà lórí iyanrìn etíkun tó ń yọ òdòdó pọ́pù, koríko inú ilẹ̀ òfìfo ní Gbàgádà tàbí Ìkòròdú tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Ilá, ẹlẹ́gẹ́dẹ́, ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé náà dáa láti fi kọ́ ojú, torí òdòdó wọn tóbi, ẹ máa rí gbogbo nǹkan kedere. Àsìkò òjò ló dáa jù, láti oṣù Kẹrin lọ sí oṣù Keje, kẹ́ ẹ tún padà síta nígbà òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ. Òdòdó ilá àti ti ẹlẹ́gẹ́dẹ́, àárọ̀ ni wọ́n ń là, tó bá fi máa di ọ̀sán wọ́n ti pa dé, ẹni tó bá jí pẹ́ kò ní rí nǹkan kan wò.

Kẹ́ ẹ tó pe nǹkan ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ yọ àwọn tó jọ ọ́ kúrò ná. Funfun bí òwú lára òdòdó hibiscus l'Ékòó níbí, ìgbà tó pọ̀ jù kòkòrò ni, ẹ fi igi tín-ín-rín tẹ̀ ẹ́, tí nǹkan olómi bá tú jáde tàbí tẹ́ ẹ bá rí ẹsẹ̀ tó ń rìn, kòkòrò ni yẹn. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ ewé àti òdòdó, tó bá nù kúrò pẹ̀lú ìka, ó lè jẹ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ó sì lè jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì lóòótọ́ ṣùgbọ́n èyí tó kàn ń jẹ omi dídùn tí kòkòrò yà sílẹ̀, kò fọwọ́ kan ewéko yẹn rárá, kì í ṣe afòmọ́ nìyẹn. Òdòdó tó yí padà di ewé, tó di aláwọ̀ ewé pátápátá, ọ̀pọ̀ ìgbà irú bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní phytoplasma ló ń fà á. Ẹ mọ gbogbo ìwọ̀nyí tán ná, ó máa gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó òfo.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí tó wọ́pọ̀ kọ́ ojú. Lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ lọ sídìí ẹlẹ́gẹ́dẹ́, kẹ́ ẹ wá òdòdó abo, èyí tí ọmọ ẹlẹ́gẹ́dẹ́ kékeré wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òdòdó tó ti pa dé tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ gbé lẹ́ǹsì ọlọ́wọ́ sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 10 tó. Ẹ máa rí irun funfun tó ń dán tó dúró gbọn-in gbọn-in, tín-ín-rín bí irun ojú, orí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní kókó kan bí orí pín-ìn-nì, àwọn kan funfun, àwọn kan ti di búráùn, àwọn kan dúdú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, gbogbo ẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan náà. Choanephora cucurbitarum nìyẹn, òun náà ló ń jẹ tẹ̀tẹ̀ rà nígbà òjò, gbogbo àgbẹ̀ ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, spọ́ò kan ṣoṣo tó dá wà ní ìlà ní gígùn ara ẹ̀, búráùn ni, ó rí gbọọrọ díẹ̀ bí ẹyin; àwọn mìíì tó wà nínú àpò ńlá tiwọn ní irun wẹẹrẹ tó tò ní orí méjèèjì. Ẹni tó bá ti fi ojú ara ẹ̀ rí irun yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣì í mú mọ́. Ẹ wá ṣàkíyèsí nǹkan pàtàkì kan níbẹ̀: òdòdó tó ti ń kú lọ ló kọ́kọ́ ń mú, ibẹ̀ ló ti ń wọ ọmọ ẹlẹ́gẹ́dẹ́ lọ. Torí náà kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí lórí òdòdó tó ti kú ló pa á. Òdòdó tó ṣì wà láàyè tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀ lẹ nílò, èyí tó ṣì lágbára.

Tó bá wá di kíkó àpẹẹrẹ, ẹ wá ẹ́nfílọ́ọ̀pù tí wọ́n fi bébà ṣe, ẹ má lo náílọ́ọ̀nù, ooru Èkó á mú kí ó làágùn, kẹ́ ẹ tó délé bakitéríà ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ já òdòdó tó ń ṣàìsàn ní oríṣiríṣi ìpele, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti wọra, èyí tó ti kú, kẹ́ ẹ tún já òdòdó tó ń gbádùn lára igi kan náà, kẹ́ ẹ wá gé ẹ̀ka tó ní ewé, tó bá léso kẹ́ ẹ fi eso ẹ̀ kún un. Ẹ kó o pọ̀ tó èyí tó lè pín sọ́nà méjì: apá kan fún gbígbẹ, apá kan fún láàbù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó já a, kẹ́ ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìka ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀ (bírò á ràn tí omi bá kàn án): ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú nọ́ńbà GPS látinú fóònù yín, iru ilẹ̀, òjò rọ̀ àbí kò rọ̀, apá wo nínú òdòdó ló wà, ewéko mélòó ló mú nínú mélòó tó wà níbẹ̀, òórùn tó ń ṣe, kòkòrò tó ń bà lé e. Nǹkan tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa rántí tó bá di alẹ́, ẹ ò ní rántí ẹ̀.

Fún gbígbẹ, ẹ tò ó sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́, torí omi pọ̀ nínú atẹ́gùn Èkó gan-an, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Erékùṣù tó sún mọ́ òkun. Apá tó kéré tẹ́ ẹ máa yọ DNA lára ẹ̀, ẹ fi sínú ike kékeré tó ní silica gel, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, ṣùgbọ́n ẹ ra tuntun o, ó ń bẹ lọ́jà kẹ́míkà ní Òjòta.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni orúkọ ewéko yẹn. Ẹ gbé ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé lọ sí hẹ́bárìọ̀mù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ. UNILAG ní tiẹ̀ ní Àkọkà, àmì tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni LUH, Ìbàdàn ní èyí tó tóbi, Forest Herbarium, tí àmì tiẹ̀ ń jẹ́ FHI. Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ dáadáa, àwọn àgbà kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n á wo ewé kan báyìí tí wọ́n á sì sọ orúkọ ẹ̀ fún yín láì ṣí ìwé, ẹ pè wọ́n ní bàbá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n máa sọ fún yín nípa àsìkò tí ewéko yẹn ń tanná, kò sí nínú íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó wá kù máíkírósíkóòpù. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara kan fọ́ńgọ́ọ̀sì náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí sílàìdì tẹ́ ẹ kán aró láàbù tí wọ́n ń pè ní lactophenol cotton blue sí, á di búlúù, gbogbo nǹkan á hàn. Ẹ fi abẹ gé òdòdó náà tín-ín-rín náà kẹ́ ẹ rí bí òwú fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe wọ inú ara ẹ̀, torí èyí ló máa jẹ́rìí pé inú ló ń gbé, kì í ṣe orí lásán ló jókòó sí. Ṣé òwú yẹn ní ògiri láàárín tó pín in sí yàrá yàrá, àbí ó lọ gbọọrọ láìní ìdènà? Ìbéèrè yẹn nìkan lè yọ odindi ìsọ̀rí fọ́ńgọ́ọ̀sì kúrò lọ́rọ̀ yín. Báwo ni spọ́ò ṣe ń jáde, lórí igi kan ṣoṣo, nínú ẹ̀wọ̀n tó tò léra, nínú àpò, lórí nǹkan tó dà bí àga? Àwọ̀ wo ni, ara ẹ̀ dán àbí ó ní ẹ̀gún? Ẹ wọn spọ́ò tó 30 ó kéré tán, gígùn àti fífẹ̀, kẹ́ ẹ kọ èyí tó kéré jù àtèyí tó tóbi jù sílẹ̀. Ẹ yà á pẹ̀lú ọwọ́ náà, ẹ má sọ pé fóònù ti yà á, ọwọ́ tó ń yàwòrán ló ń jẹ́ kí ojú rí ohun tó ti fò kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ hù ú nínú láàbù, pòtétò lẹ máa fi se oúnjẹ ẹ̀: pòtétò 200 g tí ẹ sè tẹ́ ẹ sì sẹ́ omi ẹ̀, dextrose (irú ṣúgà kan) 20 g, agar (ohun tó ń mú kó dì) 20 g, kẹ́ ẹ fi omi kún un kó pé líta kan, kẹ́ ẹ wá fi ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ sè é ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15 kí gbogbo kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ kú. Tẹ́ ẹ bá ní oògùn chloramphenicol, ẹ fi díẹ̀ sí i kí bakitéríà má bàa gba ibẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Gé ibi tí àìsàn àti ìlera ti pàdé lára òdòdó, èyí ṣe pàtàkì, kì í ṣe àárín ibi tó ti jẹrà, ẹ rì í bọ inú ọtí 70% fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ tún rì í bọ bílíìṣì tẹ́ ẹ ti fi omi là fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án nínú omi tẹ́ ẹ ti sè mọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí agar náà. Òdòdó ò le bí ewé, tó bá pẹ́ jù nínú bílíìṣì ẹ ti pa ohun tẹ́ ẹ ń wá. Tó bá hù, ẹ yọ spọ́ò kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tún un hù lọ́tọ̀, torí ohun tó hù lákọ̀ọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ àdàlù. Inú fíríìjì lẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ sí ibi méjì, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iná NEPA ṣe ń ṣe.

Tí kò bá hù rárá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ oúnjẹ mìíì yàtọ̀ sí ewéko alààyè, bí àwọn tó ń ṣe lẹ́búlẹ́bú bí ìpẹtà irin lára ewé, àtàwọn tó ń bo ewé bí àtíkè funfun, agar ò lè tàn wọ́n jẹ. Irú àwọn yẹn, ara òdòdó gbígbẹ yẹn lẹ ti máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yín, ìdí mìíì tí mo fi ní kẹ́ ẹ kó o pọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá nílò ẹ̀rí pé òun gan-an ló ń fa àìsàn náà. Ẹ wá irú ewéko kan náà tó ń gbádùn, ẹ gbìn ín sínú ike níbi tí kò ti ní ran ti ẹnikẹ́ni, ẹ fọ́n omi tó ní spọ́ò sórí òdòdó àwọn kan, ẹ fọ́n omi lásán sórí òdòdó àwọn tó kù, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò gbogbo wọn mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan kó lè tutù. Tí èyí tẹ́ ẹ fi spọ́ò sí bá ṣàìsàn bákan náà tí èyí tó gba omi lásán ò sì ṣe é, ẹ tún yọ fọ́ńgọ́ọ̀sì náà padà lára èyí tó ṣàìsàn, ẹ wò ó bóyá òun náà ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òun náà. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, spọ́ò kì í ṣe ohun téèyàn ń fà símú, ẹ má sì jẹ́ kó dé ojú yín, Fusarium lè ba ojú èèyàn jẹ́ gan-an. Ẹ má dán èyí wò nínú oko olóko láé.

DNA wá kàn. Láti ọdún 2012 ni gbogbo ayé onímọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì ti fẹnu kò sórí ibì kan nínú DNA tí wọ́n ń pè ní ITS láti fi dá wọn mọ̀. Àwọn láàbù tó ń ṣe é wà l'Ékòó àti Ìbàdàn, ẹ máa sanwó fún un, ẹ béèrè iye kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Tí lẹ́tà A, C, G, T yẹn bá dé, ẹ lọ fi wá inú GenBank, ibi tí wọ́n ń kó DNA jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú BLAST tó ń bá èèyàn wá èyí tó jọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ó jọ nǹkan kan ní 100%, kò túmọ̀ sí pé òun ni, ITS ò lè ya ọ̀pọ̀ Fusarium tàbí Colletotrichum sọ́tọ̀, ẹ ní láti fi àwọn jíìnì mìíì kún un bíi TEF1 àti RPB2 fún Fusarium. Tó bá sì sọ pé 96%, kò túmọ̀ sí pé tuntun ni, ó lè jẹ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ti lórúkọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì yọ DNA ẹ̀ rí. Orúkọ tó wà nínú GenBank náà, èèyàn bíi tiwa ló kọ wọ́n síbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ kò tọ̀nà. Èyí tó wá látara àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fún nǹkan náà lórúkọ, tí wọ́n ń pè ní type, ni kẹ́ ẹ fi wé tiyín. Ẹ wá ya igi ẹbí, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí wọ́n ṣe tan mọ́ra hàn, kẹ́ ẹ wo ẹ̀ka tí tiyín jókòó sí.

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ mọ genus ẹ̀ ná (ìdílé ẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ bíi Fusarium), lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbogbo species (irú kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé) tó ti lórúkọ nínú genus yẹn tí wọ́n ti rí lára ewéko yẹn tàbí ìbátan ẹ̀, Index Fungorum àti MycoBank, àwọn àkójọ orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ka àpèjúwe wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, àwọn ìwé àtijọ́ náà. Iṣẹ́ tó ń gba àsìkò jù nìyí, òun gan-an ni iṣẹ́ yẹn, gbogbo ohun tó kù ìpalẹ̀mọ́ ló jẹ́. Tí ìrísí ẹ̀ bá yàtọ̀, tí DNA ẹ̀ dá dúró lórí ẹ̀ka tiẹ̀, tí ọ̀nà tó ń gbà jẹ òdòdó náà sì yàtọ̀, tí ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ nǹkan kan náà, ẹ lè wá sọ ọ́ síta. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ẹ dúró ná, ẹ padà lọ kó àpẹẹrẹ síi níbòmíì.

Òfin orúkọ ò ṣòro, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fo ọ̀kan, orúkọ yín ò dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ yan àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ní type, kẹ́ ẹ sọ hẹ́bárìọ̀mù tó wà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ṣì ń dàgbà lórí agar ò lè jẹ́ type, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi òtútù dá a dúró. Láti ọdún 2012, ẹ lè kọ àpèjúwe ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe dandan kó jẹ́ Látìn mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013, ẹ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ MycoBank, Index Fungorum tàbí Fungal Names, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé yín. Tó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé yẹn ti máa jáde, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú jọ́nà tó ní ISSN tàbí ìwé tó ní ISBN, èyí tẹ́ ẹ bá gbé sórí Facebook tàbí WhatsApp kò kà. Orúkọ ìparí náà máa ń tẹ̀ lé genus, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Èkó sọ ọ́, lẹ́yìn Fusarium á di lagosense, lẹ́yìn Claviceps á di lagosensis. Ẹ má fi orúkọ ara yín sọ ọ́, òfin ò kọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ yín ò ní fojú rere wò ó. Mo fẹ́ràn kéèyàn fi orúkọ ibi tó ti rí i tàbí ewéko tó ń jẹ sọ ọ́, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún gígùn á mọ ibi tó yẹ kó lọ wá a.

Tí ẹnì kan lókè òkun bá ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí òun, ẹ má kàn dì í sínú lẹ́tà. Ẹ lọ bá àwọn Nigeria Agricultural Quarantine Service fún ìwé àṣẹ, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orúkọ yín máa wà lára àwọn tó kọ ìwé náà, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé type náà tàbí ìdajì ẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Ó ń dùn mí gan-an tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ wo nǹkan tí wọ́n já ní Lẹ́kí tí àfi kó wọ bàálù lọ sí Yúróòpù kó tó lè fojú kàn án.

Tó bá wá jẹ́ pé ó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, bó ṣe máa rí lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ jáde náà, bóyá ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní Nàìjíríà tàbí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára ewéko yẹn, àwọn jọ́nà ń gba irú ẹ̀, àwọn tó ń bójú tó àrùn irè oko sì nílò ẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹ kó àpẹẹrẹ ẹ̀ lọ sí hẹ́bárìọ̀mù bẹ́ẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ fi sínú fírísà fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ kú, ẹ wá fi lébẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́nfílọ́ọ̀pù náà: orúkọ ewéko, orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì tàbí genus tẹ́ ẹ gbà pé ó jẹ́, apá òdòdó tó wà, ibi tẹ́ ẹ ti já a pẹ̀lú GPS, ọjọ́, orúkọ ẹni tó já a, àti nọ́ńbà DNA ẹ̀ nínú GenBank tó bá ní.